Ògiri Tí Mo Rẹ́

Èmi ni mo rẹ́ ògiri yìí.
Kí n má parọ́: èmi àti Jímọ̀ olóògbé.
Ilé owú ni nígbà náà, ní ọ̀nà tó jáde ní Kábà sí Ọbájànà.
Owú tán, òrùlé ṣí lọ,
ògiri nìkan ló dúró
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Sísán kan wà lápá ọ̀tún tí mo mọ̀ dáadáa.
Iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ jù, sìmẹ́ńtì kéré;
ọ̀gá wa ti ta àpò méjì gba ẹ̀yìn.
Ogójì ọdún ni mo fi ń kọjá níbẹ̀
tí mò ń wo òdìkejì títì.

Ni àwọn ọmọ bá dé lọ́jọ́ Sátidé kan
pẹ̀lú àkàbà àyálò, búrọ́ọ̀ṣì tó ti re irun.
Mẹ́dùpin ló ṣáájú, tó ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀;
Ozovehe ti Òkénè wá, agolo ọ̀dà fínfín mẹ́fà nínú báàgì;
Fúnlẹ́yẹ wá láti Mọ̀pà, kò mú nǹkan kan dání
àfi ẹfun.
Mo ní, "Ọ̀kun o. Ta ló fún yín láṣẹ?"
Wọ́n ní, "Ọ̀kun, Bàbá. Ògiri ò sọ pé rárá."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.
Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n máa bà á jẹ́ dé.

Òfin kan ni wọ́n ní, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀, wínníwínní:
Bí o bá fẹ́ kọ lé tẹnìkan lórí,
kọ ohun tó sàn jù ú,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wá àyè tìrẹ.

Mẹ́dùpin kọ orúkọ ara rẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà bí ebè iṣu.
Fúnlẹ́yẹ sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di òkè méjì,
Ozovehe fi ìkùukùu dé wọn lórí.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ti sọnù,
ẹni tó ni ín sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí ọ̀dà pupa.
Ìyá Mẹ́sẹ̀kọ́, ahunṣọ, ará Abínú, dúró lójú ọ̀nà:
"Pupa yẹn, aṣọ ẹni ńlá tó kú ni.
Ta ló kú tí ẹ fi ń wọ ògiri láṣọ?"
Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Èmi ni mo lanu, n ò mọ ìdí rẹ̀.
Mo ní, "Jímọ̀ ni."
Ó wò mí títí. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì,
ó fa ilà mẹ́rin wálẹ̀ gbọọrọ, bó ṣe ń na òwú lórí òfì,
ó nu ọwọ́ sí ìró, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sísán mi ńkọ́? Mo rò pé wọ́n máa dí i.
Ozovehe fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀,
ó ní, "Odò ti wà níbí tẹ́lẹ̀."
Ó kun etí rẹ̀ méjèèjì ní búlúù, ó fi àárín sílẹ̀.
Aláǹgbá tó ń gbé inú rẹ̀ yọjú, ó mi orí,
ó padà sínú omi.

Oṣù ìbò, wọ́n lẹ pósítà bo gbogbo rẹ̀ lóru,
ogún ojú, ẹ̀rín kan náà.
Omi ṣí díẹ̀ kúrò; ìyókù kọ̀.
Àwọn ọmọ ya ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́.
Ewúrẹ́ gidi kan wá, ó parí iṣẹ́ náà.

Tírélà sìmẹ́ńtì ṣì ń kọjá, òkè ń funfun lójoojúmọ́.
Láàárọ̀ àná Fúnlẹ́yẹ ń ha ewéédò nísàlẹ̀ igun,
ó pè mí: lẹ́tà méjì, ìṣó ni a fi kọ wọ́n
nígbà tí ògiri ṣì tutù. Tèmi. Ti Jímọ̀.
"Bàbá, ta ló ṣáájú wa débí?"
N ò dá a lóhùn.
Mo ní kó ka òfin wọn sí mi létí
lẹ́ẹ̀kan sí i.